Wọ́n Dí Ihò Ọkàn, Wọ́n Gbàgbé Ọmọ

Ó ti di àṣà. Ọmọ kan tí ọkàn rẹ̀ ti ní àbùkù láti inú oyún yóò rí aláàánú, wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, àwòrán rẹ̀ yóò sì jáde nínú ìwé ìròyìn àti lórí Facebook. Nínú àwòrán náà, ẹni tó sanwó yóò dúró ní apá kan, àwọn dókítà yóò dúró ní apá kejì, ìyá yóò máa nu omijé ayọ̀, ọmọ yóò sì wà láàárín wọn pẹ̀lú báńdéèjì láyà. Àkọlé ìròyìn náà kì í sábà yàtọ̀: ọmọ tí ọkàn rẹ̀ lu ti gba ìwòsàn. Ní ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ Jímọ̀ tó bá tẹ̀ lé e, ìdílé yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í tún fojú kan dókítà ọkàn mọ́, àfi bí wàhálà bá dé.

Ọ̀rọ̀ "ti gba ìwòsàn" yẹn ló yẹ kí gbogbo ènìyàn tún yẹ̀ wò. Bí ihò náà bá kéré, tí wọ́n sì tètè dí i, ó lè jẹ́ òótọ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n bí àbùkù náà bá díjú, iṣẹ́ abẹ kì í sọ ọkàn di tuntun. Ó ń tún un ṣe débi tí ọmọ yóò fi lè wà láàyè, tí yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí yóò sì dàgbà; àmọ́ ó máa ń fi àyípadà sílẹ̀ nínú ọkàn, àyípadà tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé onítọ̀hún. Ìjọba tó ń fi iye iṣẹ́ abẹ yangàn, àjọ aláàánú tó ń ka iye ọmọ tí ó sanwó fún, àti ilé ìwòsàn tó ń tú ọmọ sílẹ̀ láìbèèrè ibi tí ọmọ ń padà sí, iṣẹ́ ààbọ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe. Ní Mowe, ní Ibafo àti ní Ifo, ààbọ̀ tó kù ti já lé àwọn òbí lórí, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀ pé ẹrù kankan wà lórí àwọn.

Yàrá méjì, ògiri kan

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí ó mọ bí ọkàn ṣe rí. Ilé oníyàrá mẹ́rin ni ọkàn: méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Àwọn yàrá òkè ń gba ẹ̀jẹ̀ wọlé, àwọn yàrá ìsàlẹ̀ sì ń tì í jáde. Yàrá ìsàlẹ̀ ti apá ọ̀tún ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kí ó lè lọ gba afẹ́fẹ́ tuntun. Yàrá ìsàlẹ̀ ti apá òsì ń ti ẹ̀jẹ̀ tó ti gba afẹ́fẹ́ yẹn lọ sí gbogbo ara, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nítorí pé iṣẹ́ ti òsì wúwo jù, ẹran ara rẹ̀ nípọn ju ti ọ̀tún lọ dáadáa.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kálukú yàrá wọ̀nyí ló ń dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì, àwọn méjèèjì ló sì ni ín. Àwọn fọ́nrán ẹran ara tó yí ọ̀kan ká ló tún na ara wọn lọ yí ìkejì ká. Àpò kan tí kì í tètè fẹ̀ ló sì gba àwọn méjèèjì sínú. Láti 1910 ni Bernheim, dókítà ará Faransé, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí yàrá òsì bá wú jù, ó lè ti ògiri àárín sí ọ̀dọ̀ yàrá ọ̀tún, kí ó sì há ààyè mọ́ ọn. Àwọn oníwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé nínú agbára tí yàrá ọ̀tún fi ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde, tó ìdá 20 sí 40 nínú 100 ló ń wá láti ara ìfúnpọ̀ yàrá òsì. Ohun tó bá ojú ti bá imú. Kò sí bí ọ̀kan nínú wọn ṣe lè ṣàìsàn pẹ́ títí kí ìkejì má mọ̀ ọ́n lára.

Ibi tí èyí ti hàn gbangba jù ni àrùn ọkàn tí wọ́n ń pè ní Tetralogy of Fallot, tí wọ́n fi orúkọ Étienne-Louis Fallot, dókítà ní ìlú Marseille, pè nítorí àlàyé tó ṣe nípa rẹ̀ ní 1888. Nínú àwọn àbùkù ọkàn tó ń mú kí ara ọmọ dúdú bí aró, òun ló wọ́pọ̀ jù. Nǹkan mẹ́rin ló ń pàdé nínú rẹ̀: ihò wà lára ògiri àárín yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì; ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró há; iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ara kò dúró sí àyè rẹ̀, orí ihò náà ló gùn lé; ẹran ara yàrá ọ̀tún sì nípọn ju bó ṣe yẹ nítorí pé ó ń fi agbára ti ẹ̀jẹ̀ gba ọ̀nà tóóró. Ètè ọmọ náà àti èékánná rẹ̀ máa ń dúdú bí aró. Bí ó bá sáré díẹ̀, yóò lóṣòó láti sinmi, nítorí pé ìlóṣòó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i ráyè lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà mìíràn, ó lè dákú bí ó bá ń sunkún. Kò ṣòro láti rí bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe lè gba orúkọ àbíkú láyé àtijọ́, tàbí bí òbí lóde òní ṣe lè máa gbé e kiri ọ̀dọ̀ àwọn elewé ọmọ títí àkókò yóò fi lọ.

Ní 1954, ní Minneapolis ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, C. Walton Lillehei àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ tó tún gbogbo àbùkù yìí ṣe nínú ọkàn ọmọ. Ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní 1974, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ṣí ọkàn sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Nàìjíríà ní Enugu. Lónìí, wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ní Èkó àti Ìbàdàn, àti ní ìpínlẹ̀ Ògùn fúnra rẹ̀, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Nwankwo Kanu tó gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọkàn òun náà ní 1996, dá àjọ sílẹ̀ ní 2000 láti ran àwọn ọmọ tó ní irú àìsàn yìí lọ́wọ́. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo èyí, ó sì yẹ fún ìyìn.

Kí wá ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ? Dókítà yóò dí ihò àárín, yóò sì la ọ̀nà tó há. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ ọmọ, kò sí bí wọ́n ṣe lè la ọ̀nà náà tó láìba ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ jẹ́. Ilẹ̀kùn yẹn ló yẹ kí ó máa dènà ẹ̀jẹ̀ kí ó má padà sẹ́yìn. Bí kò bá lè pa dé mọ́, nínú ẹ̀jẹ̀ tí yàrá ọ̀tún bá tì lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, apá kan yóò tún ṣàn padà wá bá a, ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù. Yàrá náà yóò máa gba ju bó ṣe yẹ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa fẹ̀. Ọmọ kò ní mọ nǹkan kan lára. Yóò máa ṣeré, yóò máa gbá bọ́ọ̀lù ní pápá, yóò ṣe ìdánwò, ó sì lè tó ogún ọdún kí àìsàn tó yọjú.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ògiri àárín ti dé. Bí yàrá ọ̀tún bá fẹ̀, tí àpò tó wé ọkàn kò sì fẹ̀ tó o, ibo ni ó fẹ́ gbà? Ara ògiri àárín ni yóò tì. Ògiri náà yóò tẹ́ sí ọ̀dọ̀ òsì, yàrá òsì yóò sì pàdánù ààyè tí ó fi ń gba ẹ̀jẹ̀. Yàrá tí dókítà kò fi ọ̀bẹ kàn lọ́nà tó le wá di èyí tó ń ṣàìsàn nítorí aládùúgbò rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Àwọn oníwádìí ti rí i pé nínú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún ní kékeré, bí yàrá òsì ṣe lágbára sí wà lára àwọn ohun pàtàkì tó ń sọ ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ẹni tó bá wo apá ọ̀tún nìkan, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ṣiṣẹ́ sí, ìdajì ọkàn ló wò.

Ohun kejì ni ti iná tó ń darí lílù ọkàn. Iṣẹ́ abẹ sábà máa ń ba ọ̀nà tí iná yìí ń gbà dé yàrá ọ̀tún jẹ́, nítorí náà òsì á ti fún pọ̀ kí ọ̀tún tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjì tó yẹ kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ yóò wá máa tọ ara wọn lẹ́yìn. Bí yàrá ọ̀tún bá ṣe ń fẹ̀ sí i ni àlàfo yìí ń gùn sí i. Ní 1995, ìwádìí kan láti London fi hàn pé bí iye àkókò tí iná náà ń gbà la yàrá ìsàlẹ̀ kọjá bá tó 180 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan, ewu pé ọkàn lè ṣàdédé máa lù ségesège, tàbí kí ènìyàn kú lójijì, pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ tó ń fi ìlù ọkàn hàn lórí pépà ni wọ́n fi ń mọ èyí. Kò wọ́n, kì í dunni, kì í sì í gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

Àtúnṣe wà. Wọ́n lè fi ilẹ̀kùn tuntun sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Láti 2000, nígbà tí Philipp Bonhoeffer fi irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ sínú ọkàn ọmọ kan ní Paris láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ó ti ṣeé ṣe láti ṣe é fún àwọn kan láìtún la àyà. Àmọ́ àkókò ni gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá tètè ṣe é jù, ilẹ̀kùn náà yóò gbó kí onítọ̀hún tó dàgbà, wọn yóò sì tún ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, yàrá tó ti fẹ̀ kọjá ààlà kò ní lè súnkì padà mọ́. Kò sí ìyá tó lè fi ojú lásán mọ àkókò yìí, kò sì sí dókítà tó lè fi ọwọ́ lásán mọ̀ ọ́n. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe láti ìgbà dé ìgbà, tí wọ́n ń fi ti ọdún yìí wé ti èṣí, nìkan ló ń fi í hàn. Ọmọ tí kò bá padà wá kò ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi wé nǹkan kan.

Láti Ibafo dé Ìdí-Àràbà

Ní báyìí, kí ènìyàn gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ sí àdúgbò tí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Mowe àti Ibafo wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ifo ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀, lójú ọ̀nà àtijọ́ tó lọ láti Èkó sí Abẹ́òkúta. Àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ti kún fún àwọn tí owó ilé Èkó lé jáde. Èkó ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣiṣẹ́, Ògùn ni wọ́n ń sùn. Èkó kò kà wọ́n mọ́ ara rẹ̀ nígbà tí ó bá ń ṣètò ìlera, Ògùn náà kò sì tíì fi ètò tó bá bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i mu dá wọn lóhùn.

Ká ní ọmọ kan wà ní Ibafo tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún ní Ìdí-Àràbà. Bí wọ́n bá ní kí ó padà wá fún àyẹ̀wò, ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ jí kí àkùkọ tó kọ. Yóò wọ ọkọ̀ dé Berger, yóò wọ òmíràn láti ibẹ̀, yóò sì tún wọ òmíràn kí ó tó dé ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò náà bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí èrò ń wọ́ lọ sí ìsìn òru ní Redemption City, kò dájú ìgbà tí yóò padà délé. Ẹni tó wà ní Ifo yóò gba Ṣàngó Ọ̀tà àti Abúlé Ẹ̀gbá kọjá kí ó tó dé Ìkẹjà. Owó ọkọ̀ ènìyàn méjì, owó káàdì, owó àyẹ̀wò, àti ọjà tí ìyá kò tà lọ́jọ́ náà. Gbogbo èyí nítorí ọmọ tó ń sáré kiri àdúgbò, tí ara rẹ̀ le koko. Ta ni kò ní sọ pé ó di oṣù tó ń bọ̀? Oṣù tó ń bọ̀ yóò di ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n á kó kúrò ní ilé kan lọ sí òmíràn, ìwé ilé ìwòsàn á sọnù, nọ́ḿbà fóònù á yípadà, ọmọ á sì di ẹni tí ilé ìwòsàn kò rí mọ́.

Àwọn kan máa ń pe èyí ní àìbìkítà òbí. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn láti sọ ni, pàápàá fún ẹni tó ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ìyá tó ta gbogbo ohun tó ní kí ọmọ rẹ̀ lè dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ kì í ṣe aláìbìkítà. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló gbà gbọ́. Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ti gbádùn, wọ́n yà á ní fọ́tò, wọ́n kí i kú oríire. Ìwé tí wọ́n fún un jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí dókítà kọ fún dókítà. Kò sí ibi kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti kọ ọ́ sí ní Yorùbá tó yé ènìyàn pé: ilẹ̀kùn kan ń jò nínú ọkàn ọmọ yìí, yóò sì máa jò lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọdún kan kọjá láìjẹ́ pé wọ́n wò ó.

Ta ni ẹ̀bi náà wà lọ́rùn rẹ̀?

Àwọn tó ń sanwó ló kọ́kọ́ ní ìpín tiwọn. Iṣẹ́ abẹ ṣeé yà ní fọ́tò. Àyẹ̀wò ọdún keje kò ṣeé yà. Nítorí náà, owó ń tẹ̀lé ibi tí kámẹ́rà ń lọ. Olóṣèlú tí yóò fi tayọ̀tayọ̀ san mílíọ̀nù kan fún ọmọ kan kò ní rántí owó kékeré tí ọmọ náà nílò lọ́dọọdún láti mọ̀ bóyá mílíọ̀nù yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ra ọkọ̀ tuntun mọ̀ pé yóò máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Ó yani lẹ́nu pé ọkọ̀ ni wọ́n rí fi irú òye bẹ́ẹ̀ bá lò.

Ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ni ìpín wọn pọ̀ jù. Ní oṣù Kẹrin 2001, ní Àbújá níhìn-ín, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí pé àwọn yóò máa fi ó kéré tán ìdá 15 nínú 100 owó ìṣúná sí ètò ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò tíì mú ìlérí náà ṣẹ rí. Ní oṣù Karùn-ún 2022, ààrẹ fọwọ́ sí òfin tó sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn. Síbẹ̀, nínú owó tí Nàìjíríà ń ná sórí ìlera, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ń jáde tààrà láti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Òfin wà nínú ìwé, ìyá sì wà ní ibùdókọ̀ Mowe tó ń ṣírò bóyá owó ọwọ́ rẹ̀ tó dé Èkó.

Àwọn aṣáájú ẹ̀sìn náà ní ìpín. Kò sí ẹni tó ní kí ènìyàn má dúpẹ́ fún Ẹlẹ́dàá. Àmọ́ bí ìyá bá ti jẹ́rìí níwájú ìjọ pé ìwòsàn ti parí, ó máa ń ṣòro fún un láti tún gbé ọmọ kan náà lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, kí wọ́n má baà sọ pé kò ní ìgbàgbọ́. Aṣáájú tó bá fẹ́ràn ìjọ rẹ̀ lè mú ìtìjú yìí kúrò pẹ̀lú gbólóhùn kan láti orí pẹpẹ tàbí mímbárì: ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì padà lọ fún àyẹ̀wò.

Àwọn tó ní "ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rí ti iṣẹ́ abẹ"

Àríyànjiyàn kan wà tí ó yẹ kí ènìyàn dá lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe ènìyàn búburú. Wọ́n ní, nínú gbogbo ọmọ 1,000 tí wọ́n bá bí láàyè, nǹkan bí mẹ́jọ ló ń ní àbùkù ọkàn. Nàìjíríà ń bí ju mílíọ̀nù méje ọmọ lọ lọ́dún. Ìyẹn fi hàn pé ju 50,000 ọmọ lọ ni wọ́n ń bí lọ́dọọdún pẹ̀lú àbùkù ọkàn, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò sì ní rí iṣẹ́ abẹ kankan. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí ń kú láìrí ìtọ́jú rárá, ṣé ó yẹ kí wọ́n máa ná owó sórí àwọn tó ti rí i?

Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé owó méjèèjì kò jọ ara wọn. Owó iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo yóò san owó àyẹ̀wò ọ̀pọ̀ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdáhùn kejì ni pé iṣẹ́ abẹ tí kò ní àmójútó ń fi ara rẹ̀ ṣòfò. Bí wọ́n bá gba ọmọ lọ́wọ́ ikú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, tí ó sì wá kú lójijì ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún nítorí ohun tí ẹ̀rọ kékeré kan ì bá ti fi hàn, kí ni wọ́n fẹ́ kọ sínú ìwé ìṣirò wọn? Ìdáhùn kẹta ni pé ètò tó ń wá ọmọ tí wọ́n ti tún ọkàn rẹ̀ ṣe kiri ni ètò kan náà tí yóò rí ọmọ tí wọn kò tíì ṣe é fún. Ẹ̀rọ kan náà, nọ́ọ̀sì kan náà, ìwé àkọsílẹ̀ kan náà ni. Àwọn ilẹ̀ bíi Kánádà àti Amẹ́ríkà ti dé ibi tí àwọn àgbàlagbà tó ní àbùkù ọkàn àbínibí fi pọ̀ ju àwọn ọmọdé tó ní in lọ. Àmójútó wà lára ohun tó gbé wọn dé ibẹ̀, wọ́n sì ní láti dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà náà. Bí iṣẹ́ abẹ bá ṣe ń pọ̀ sí i ní Nàìjíríà ni irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i. Kò sí ìjọba tó lè sọ pé òun kò mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀.

Ohun tó ṣeé ṣe

Kò sí ẹni tó ń béèrè fún ilé iṣẹ́ abẹ ọkàn ní gbogbo ìgboro. Ohun tí Mowe, Ibafo àti Ifo nílò kéré sí ìyẹn púpọ̀.

Àkọ́kọ́, kí ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn àti èyí tó ń kọ ìlù ọkàn sórí pépà wà ní ọsibítù ìjọba ní Ifo, kí irú rẹ̀ sì wà níbì kan láàárín Ibafo àti Mowe, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Dókítà ọkàn kò ní láti máa gbé ibẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní ọjọ́ tí gbogbo ìlú mọ̀, ìyẹn ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣàgámù, èyí tó sún mọ́ Mowe ju Ìdí-Àràbà lọ. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìdí-Àbà ní Abẹ́òkúta, tí ará Ifo lè dé láìwọ Èkó rárá. Ó sàn kí dókítà kan rin ìrìn àjò lọ bá ọgbọ̀n ọmọ ju kí ọgbọ̀n ìyá máa rin ìrìn àjò lọ bá dókítà kan.

Èkejì, kí gbogbo àjọ aláàánú tó bá sanwó iṣẹ́ abẹ ya owó sọ́tọ̀ lọ́jọ́ kan náà fún àyẹ̀wò àti owó ọkọ̀ ọmọ náà títí yóò fi dàgbà. Bí owó kò bá tó fún ọmọ mẹ́wàá pẹ̀lú àmójútó, kí wọ́n ṣe mẹ́sàn-án, kí wọ́n sì ṣe é dé òpin.

Ẹ̀kẹta, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kúrò ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìwé kékeré kan ní èdè Yorùbá, bí irú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára tí gbogbo ìyá mọ̀ ọ́n tọ́jú. Kí ó sọ irú àbùkù tí ọmọ ní, ohun tí wọ́n ṣe, ohun tó kù, àti àwọn àmì tó yẹ kí ẹbí sáré sí: àárẹ̀ tí kò nídìí, àyà tó ń já pà-pà-pà, òòyì tàbí dídákú, ẹsẹ̀ wíwú. Kí ó sọ fún un pé kí ó máa tọ́jú eyín rẹ̀, nítorí pé kòkòrò láti ẹnu lè gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ọkàn tí wọ́n ti tún ṣe. Kí ó sì sọ fún ọmọbìnrin pé kí dókítà ọkàn wò ó kí ó tó lóyún, nítorí pé oyún ń fi kún iṣẹ́ yàrá méjèèjì.

Ẹ̀kẹrin, kí ètò adójútòfò ìlera gba àyẹ̀wò yìí wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ ọmọ, láìsí pé òbí ń bẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀karùn-ún, kí gbogbo ilé ìlera alábọ́ọ́dé tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ìkókó láti mọ iye afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Láti 2011 ni Amẹ́ríkà ti fi àyẹ̀wò yìí kún ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe fún gbogbo ọmọ tuntun. Kò ní rí gbogbo àbùkù, ṣùgbọ́n yóò rí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó le kí ètè ọmọ tó dúdú lójú gbogbo ayé.

Kò sí èyí tó ju agbára ìpínlẹ̀ Ògùn lọ nínú márààrún. Àwọn aṣòfin tó ń ṣojú Ifo àti Ọbáfẹ́mi-Owódé ń jókòó ní Òkè-Mọ̀sàn, ìwé ìṣúná ń gba iwájú wọn kọjá lọ́dọọdún, wọ́n sì mọ ọ̀nà Mowe àti ti Ifo dáadáa nígbà ìpolongo ìbò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó yẹ kí àwọn ará ìlú ní kí wọ́n bá àwọn bi kọmíṣánnà ètò ìlera nígbà tí ó bá tún wá síwájú wọn: nínú àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ yìí tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún, mélòó ni dókítà rí lọ́dún tó kọjá, ibo sì ni àwọn yòókù wà? Bí kò bá sí ìwé tó lè dáhùn rẹ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti hàn, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti Ibafo.